Ẹ̀rín Tó Gbé Mikios Dé Ilé Aṣòfin

Ẹni tó bá fẹ́ di sẹ́nétọ̀ ní àwọn erékùṣù Mortlock gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í kú sójú òkun, ó gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́dẹ̀ tí yóò pa, ó sì gbọ́dọ̀ ní arábìnrin. Ọkọ̀ ṣeé yá. Ẹlẹ́dẹ̀ ṣeé tọrọ lọ́wọ́ àwọn àna. Ṣùgbọ́n arábìnrin, bí ìyá ẹni kò bá bí i, kò sí ibi tí a ti ń rí i rà. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin ló ni ilẹ̀, ìdílé ìyá là ń jẹ́, ibi tí àwọn obìnrin bá sì yíjú sí nígbà ìdìbò, ibẹ̀ ni àwọn ọkọ wọn máa ń bá ara wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá òṣèlú ni kò tíì mọ èyí títí dòní. Wọ́n á máa pariwo nínú gbohùngbohùn títí ohùn wọn á fi há, wọn á tún máa bi ara wọn pé ta ló ta àwọn.

Mikios Esekiel ní arábìnrin. Tosiko lorúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ni. Ohun tí Mikios kò ní ni ẹnu. Olùkọ́ ilé ìwé ni, èèyàn jẹ́jẹ́, tó jẹ́ pé bó bá dìde láti sọ̀rọ̀, àwọn àgbà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé kó tó kí wọn tán. Tosiko ló lẹ́nu. Láti erékùṣù Ettal dé Lukunor, kò sí obìnrin tó lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín tó o. Ẹnu yẹn ló gbé àbúrò rẹ̀ wọ ilé aṣòfin àgbà ní Weno, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, tó tún gbé e padà síbẹ̀ léraléra. Ohun tó sì ń dun Mikios ju èébú àwọn alátakò lọ ni pé, láti ìgbà tó ti di ọ̀dọ́mọkùnrin, kò gbọ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà rí.

Kò lè gbọ́ ọ ni. Obìnrin kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú arákùnrin rẹ̀. Bí arákùnrin bá jókòó, arábìnrin kò gbọdọ̀ ga jù ú lọ. Á tẹ̀ba, á fẹ́rẹ̀ẹ́ rákò kọjá, á máa ní "Tirow, tirow", pé kí wọ́n má bínú. Ì báà jẹ́ òun ló kọ́ arákùnrin náà ní ìrìn. Bí a ṣe bá ayé nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ jà sí i, kó lọ bá àwọn tó ti kú jà.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, Mikios gbọ́ ọ̀rọ̀ Tosiko ní àgbọ́yó. Bí òkun bá fà sẹ́yìn, àwọn méjèèjì á gbé agbọ̀n lọ sórí àpáta, wọ́n á máa wá ẹja kéékèèké àti ìgbín òkun. Tosiko á wá máa ṣe bí olùṣọ́-àgùntàn tí eyín rẹ̀ já bọ́ níbi tó ti ń wàásù. Á ṣe bí adìẹ tó ń wá ẹni tó jí ẹyin rẹ̀. Á ṣe bí bàbá wọn tó ń búra fún ìyá wọn pé òun ò fẹnu kan ọtí. Mikios á rẹ́rìn-ín títí á fi jókòó gbàgà sínú omi, agbọ̀n á dojú dé, ẹja á sì bá tirẹ̀ lọ.

"Dìde ńbẹ̀, ìwọ ọ̀lẹ yìí!" ni Tosiko á wí. "Ṣé ìdí lo fi ń pẹja ni?"

Nígbà tí ohùn Mikios bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ìyá wọn pe Tosiko sí kọ̀rọ̀. Mikios kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ó kàn rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tó wọlé, tó rí òun níjòókòó lórí ẹní, tó sì tẹ̀ba. Mikios rò pé eré ni, pé ó ń sín arúgbó kan jẹ. Ó bú sẹ́rìn-ín. Tosiko kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "mo fẹ́ kọjá."

Ẹ jọ̀ọ́! Sí Mikios tó ń nu imú rẹ̀ fún! Láti ọjọ́ náà, kò tún pè é ní "ìwọ" mọ́. Mikios jáde lọ sábẹ́ igi gbẹ̀rẹ́fútù ẹ̀yìn ilé, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n lù.

Ọdún gorí ọdún, ó di olùkọ́, ó fẹ́ Ruteka, ó kó lọ sórí ilẹ̀ àwọn èèyàn ìyàwó rẹ̀ bí ọkùnrin gbogbo ti ń ṣe. Nígbà tí ìdílé ìyá rẹ̀ ní kó wá du ipò sẹ́nétọ̀, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn. Kasian ló ń wa ọkọ̀. Ọkọ Nerina, ọ̀rẹ́ Tosiko láti kékeré, ni Kasian yìí, àwọn obìnrin méjèèjì á sì wà nínú ọkọ̀. Mikios á sọ̀rọ̀ nínú ilé ìpàdé: á sọ nípa ọkọ̀ ńlá ìjọba tí kì í dé lásìkò, nípa àgbá omi òjò, nípa òrùlé ilé ìwé. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì dùn létí rárá. Lẹ́yìn náà òun àti àwọn ọkùnrin á jáde lọ sétí omi, Tosiko á kù sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀rín á fi sọ. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹnu lásán. Ẹ̀rín tí àwọn obìnrin fi ń lu ara wọn léjìká ni, tí ọmọ ọwọ́ fi ń ta jí. Mikios á dúró sétí omi, á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n wà lórí òkun, Tosiko àti Nerina jókòó sísàlẹ̀ níwájú ọkọ̀ lọ́hùn-ún, ariwo ẹ́ńjìnì kò sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹnikẹ́ni. Mikios sún mọ́ Kasian.

"Kí ló sọ?"

"Ta ni?"

"Má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi. Kí ló sọ fún wọn lánàá?"

"Hẹ̀n! Mikios, ṣé o fẹ́ kí n kú ni? Nerina sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bì. Kí n wá fi ẹnu mi yìí sọ ọ̀rọ̀ arábìnrin rẹ fún ọ? Àwọn èèyàn ìyá mi á lé mi kúrò lórí ilẹ̀."

"Ó kéré tán, sọ fún mi bóyá mo wà nínú rẹ̀."

Kasian wo òkun títí. "O wà nínú rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi," ló wí. "Ìwọ gan-an lọ̀rọ̀ náà."

Wọ́n dìbò, Mikios wọlé. Kò ṣe sẹ́nétọ̀ burúkú. Ó rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìjọba títí wọ́n fi ṣètò bí yóò ṣe máa dé. Ó gba àgbá omi fún erékùṣù tó ju ọ̀kan lọ, ó sì gba páànù fún ilé ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn páànù náà ló wà lórí ilé ẹlẹ́dẹ̀ ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ní Weno, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ti máa wo aago. Òun náà mọ̀. Ó máa ń rò pé bí òun bá lè gbọ́ Tosiko lẹ́ẹ̀kan péré, òun á mọ ohun tí àwọn èèyàn rí lára òun tí wọ́n fi ń dìbò fún òun.

Ohun kan ló mú kí orúkọ rẹ̀ tàn ká: kì í jókòó. Níbi àsè, wọ́n á tẹ́ ẹní tó dára jù fún un, wọ́n á gbé iyán gbẹ̀rẹ́fútù àti ẹja síwájú rẹ̀, Mikios á sì wà lórí ìdúró. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Herman Soram, tó ń bá a du ipò, ní eéwo ló wà nídìí rẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúnkún Tosiko ti ń dun ún. Mikios rí i lọ́jọ́ kan tó tẹ̀ba kọjá pẹ̀lú abọ́ ọ̀dùnkún lọ́wọ́, ó rí bí ojú rẹ̀ ṣe kó jọ, ó sì rí bó ṣe sáré tún un ṣe. Láti ìgbà náà, níbikíbi tí Tosiko bá wà, Mikios kì í jókòó, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn kọjá bí ọmọ èèyàn. Kò sọ ọ́ fún un. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́?

Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ló wá mú orúnkún náà, ó kọjá orúnkún, ó dé kíndìnrín. Ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ kò sí ní gbogbo erékùṣù wa. Berleen, ọmọ Tosiko tó ń ṣiṣẹ́ ní Honolulu, ní kí wọ́n gbé ìyá òun wá. Ní ọjọ́ tó ń lọ, gbogbo erékùṣù bọ́ sétí omi, wọ́n fi òdòdó sí i lọ́rùn títí ọrùn kò fi hàn mọ́. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú Mikios. Ó fẹ́ sọ fún un pé kó wí ohun kan, ohunkóhun, kó tilẹ̀ bú òun.

"Wọ́n ní òtútù máa ń mú nínú ọkọ̀ òfuurufú," ló rí sọ. "Ẹ má gbàgbé aṣọ òtútù."

"Ẹ ṣeun," ni Tosiko wí, ojú rẹ̀ nílẹ̀. "Mi ò ní gbàgbé."

Ọkọ̀ gbé e lọ. Erékùṣù dákẹ́. Àwọn obìnrin ṣì ń ta àwọ̀n lórí àpáta bí òkun bá fà, ṣùgbọ́n Mikios tó ń kọjá létí omi kì í gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju ariwo ìgbì. Ó máa ń kanra sí ẹ̀rín náà tẹ́lẹ̀ nítorí pé wọn kì í jẹ́ kó gbọ́ ohun tó fà á. Ó wá ń wá a kiri báyìí bí ẹni tó ń wá ọmọ.

Nígbà tí ìdìbò tún dé, nǹkan kò rọgbọ. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Honolulu ti pọ̀ tó àwọn tó wà nílé, ìbò wọn sì ń ka. Herman ti lọ síbẹ̀, ó kó àwọn ọ̀dọ́ onígìtá lọ, wọ́n jó, wọ́n jẹ, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi í jọba. Mikios náà wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kì í ṣe ìbò nìkan ló bá lọ.

Ilé Berleen ní Kalihi, àdúgbò kan ní Honolulu, kéré, ó sì kún. Tosiko wà nínú àga onítáyà. Bó ṣe rí àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbìyànjú láti sọ̀ kalẹ̀ sílẹ̀, Berleen gbá a mú. Kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ó wá tẹ orí rẹ̀ mọ́ orúnkún títí Mikios fi rí egungun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

"Ọ́ńkù, ẹ jókòó," ni Berleen ń wí ṣáá. "Ẹ ti rin ìrìn àjò."

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí," ni Mikios fèsì. "Ìdúró ló rọ̀ mí lọ́rùn."

Gbogbo ọjọ́ tó lò nínú ilé yẹn, orí ìdúró ló ti ń jẹun.

Ọjọ́ ìpàdé pé, gbọ̀ngàn ìjọ kún. Mikios sọ̀rọ̀ àgbá omi. Ó sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìjọba. Àwọn ọmọdé ń sáré lábẹ́ àga, ọkùnrin kan tó ti ibi iṣẹ́ òru dé ti ń hanrun. Mikios wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó rí Tosiko tó sorí kodò, ọwọ́ lórí itan, ẹnu dí pinpin nítorí tirẹ̀. Ó rò ó pé ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí, kò sì sí ohun tó ń fọ ìbànújẹ́ rẹ̀. Ó pa ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín yín," ló wí. "Mò ń jáde lọ. Ẹ jẹ́ kí ó bá yín sọ̀rọ̀."

A máa ń jáde fún arábìnrin, ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í kéde rẹ̀. Mikios gba àárín wọn kọjá, ó jáde, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Kò lọ jìnnà. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ lọ ba sábẹ́ fèrèsé, ó na etí. Ó gbọ́ tí àga ń dún. Ó gbọ́ ìkọ́. Ẹ̀rín kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí ilẹ̀kùn fi ṣí, Berleen sì yọjú.

"Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, màmá ní kí ẹ jìnnà díẹ̀ sí i."

"Mo ti jáde."

"Wọ́n ní àwọn ń rí irun orí yín lójú fèrèsé."

Mikios fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ó ti pá láti iwájú dé ìpàkọ́, ó ń dán bí abọ́.

"Irun wo?"

"Ohun tí wọ́n ní kí n sọ nìyẹn," ni Berleen wí, ó ń bu ètè jẹ, ó sì wọlé padà.

Ó pẹ́ kó tó yé Mikios. Ẹ̀fẹ̀ ni! Tosiko ti rán ẹ̀fẹ̀ sí i, ó fi í sẹ́nu ọmọ kó má bàa jẹ́ ẹnu òun. Ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dúró níbi tí wọ́n ń kó pàǹtí sí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ́ nínú gbọ̀ngàn. Ẹ̀rín àtijọ́ yẹn gan-an ni. Ó ń dúró, ó tún ń gbéra, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan ń ké pé "Ó tó, màmá, ó tó!" Mikios dúró nínú òórùn pàǹtí, ó ń rẹ́rìn-ín ohun tí kò gbọ́, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ebi ń pa lẹ́nu ọ̀nà ilé àsè.

Ó wọlé ìbò. Herman ní ojúṣàájú ni. Kò pẹ́ sí i, Tosiko kú.

Wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé Weno, ọkọ̀ ìjọba sì gbé e wálé. Ó dé lásìkò, mo fi ìyẹn yin Mikios. Wọ́n sin ín sórí ilẹ̀ ìyá wọn. Nígbà tí àwọn èèyàn túká, Berleen bá a lẹ́yìn ilé, ó na fóònù kan sí i.

"Mo ká ọ̀rọ̀ màmá sílẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé yẹn. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tèmi wà lọ́wọ́ mi. Tiyín nìyí, Ọ́ńkù. Wọ́n ti lọ báyìí. Ta ló máa bá yín wí?"

Mikios gbé fóònù náà lọ sí Weno. Ní ilé tó háyà síbẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó ń yí i po bí ẹni tó rí ejò. Ohun tó ti ń wá láti kékeré rèé, ó kù kó fi ìka kàn án. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ìka kàn án.

"Ṣé ó ti jáde?" Ohùn Tosiko nìyẹn.

"Ó ti jáde, màmá."

"Ẹ tún wò ó. Mo mọ ọmọ yẹn." Àga dún. Ó wúkọ́. Ó sọ ohun kan kẹ́lẹ́, ilẹ̀kùn ṣí, ó sì tún tì. "Ó ti dé ibo báyìí?"

"Ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì."

"Ó kọjú síbí ni àbí ó kẹ̀yìn?"

"Ó kẹ̀yìn sí wa."

"Ó dáa. Ọmọ dáadáa ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa ọmọkùnrin kan tó jókòó sínú omi..."

Mikios pa á.

Ó mọ ọ̀rọ̀ náà. Ojú rẹ̀ ló ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí Tosiko sọ ọ́ dà láti erékùṣù dé erékùṣù, ìyẹn ni kò mọ̀, ìka rẹ̀ sì ṣì wà lórí fóònù. Ohun tó dá a dúró kì í ṣe ẹ̀rù. Obìnrin náà béèrè bóyá ó ti jáde, wọ́n sì dá a lóhùn pé ó ti jáde. Ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó la ẹnu rẹ̀. Báwo ni òun ṣe máa wá jókòó tì í níbẹ̀?

Nígbà tí ọkọ̀ tún ń lọ sílé, ó wọ̀ ọ́. Ó bá Nerina níwájú ilé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, níbi tí àwọn obìnrin ti ń hun ẹní, wọ́n dákẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà tí Tosiko ti lọ. Ó na fóònù náà sí Nerina.

"Kí nìyí?" ni Nerina béèrè.

"Ohùn Tosiko wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ ní Honolulu."

Nerina fi ọwọ́ bo ẹnu. "O ti gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ibi tó ti ń béèrè bóyá mo ti jáde."

"Mikios!"

"Mo pa á. Mi ò tíì jáde nígbà náà ni. Mò ń jáde lọ báyìí. Ẹ dúró kí n dé ṣóńṣó ilẹ̀ kí ẹ tó tàn án."

Ó rìn gba abẹ́ àwọn igi àgbọn lọ sí ibi tí erékùṣù pin sí. Kasian wà níbẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe lórí ìtì igi. Ó sún fún un.

"Jókòó, sẹ́nétọ̀."

Mikios kò jókòó. Ó kọjú sí òkun, ó kẹ̀yìn sí ilé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀yìn wọn. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín bẹ́, ọ̀kan kọ́kọ́ bẹ́, gbogbo rẹ̀ wá gbà á, ẹkún sì dà pọ̀ mọ́ ọn títí ẹnì kankan kò fi mọ èwo ni èwo. Ó pẹ́. Kasian náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Jókòó, Mikios," ló wí nígbà tó yá. "O ti dúró pẹ́."

"Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi kọjá ná," ni Mikios wí.